Jẹnẹrétọ̀ Tí Mo Tàn Nígbà Tí Iná Wà

Iná wà, mo sì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Mushin á ní kí wọ́n yẹ orí mi wò, kò sì jẹ̀bi. Ọ̀sán gangan ni, fáànù ń yí, gílóòbù ń tàn lára ògiri, èmi wá lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. N kò so nǹkan kan mọ́ ọn. Ariwo rẹ̀ ni mo fẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìdí-Àràbà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru jù. Ó ní láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tí mo ti ń lu irin ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, ọpọlọ mi ò tíì sinmi rí.

"Bàbá, ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ pa rédíò, ẹ pa fóònù. Bí ẹ ò bá ṣe é, rọpárọsẹ̀ ò jìnnà o."

Mo jókòó lóòótọ́. Bí ilé ṣe pa rọ́rọ́ báyìí, mo bá ń gbọ́ máṣíìnì ìránṣọ: kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á dúró díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń já òwú, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ló ń ránṣọ bẹ́ẹ̀. Ó ti kú, àbúrò rẹ̀ sì ti gbé máṣíìnì náà lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Èmi tí mo ń fi òòlù tẹ́ ilẹ̀kùn jíìpù tó ti rún, mo sá jáde láìwọ bàtà. Akọni ni mí!

Láti ìgbà náà, bí iná bá ti dé, tí àwọn ará ilé pa jẹnẹrétọ̀ wọn, tí àdúgbò wá dákẹ́, èmi á tan tèmi. Mo mọ̀ pé ariwo lè pa mí. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni n kò lè bá gbé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àǹtí tó ń gbé yàrá kejì jáde sí mi. Opó ni òun náà.

"Ẹ̀gbọ́n, iná wà o!"

"Mo mọ̀. Mò ń dán an wò ni."

"Ìdánwò ojoojúmọ́? Ṣé ó fẹ́ wọ yunifásítì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á ní kí n lọ gbàdúrà ni. Kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò.

"Ti bàbá àwọn ọmọ mi, ikọ́ ni. Tí ibi gbogbo bá ti dákẹ́, wọ́n á wúkọ́. Mo gbààwẹ̀, mo tan rédíò, mo kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Wọ́n ń wúkọ́ níbẹ̀ náà."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, epo á tán. Ìró máṣíìnì yẹn ò ní tán."