Màámi Ò Jẹ́ Kí N Di Aláìní

Mi ò rí ẹni tó ń pọ́n ọmọ lé bíi Màámi. Bí mo bá ra tòmátì wálé, wọn á ní ojú mi mọ ọjà rà. Bí mo bá sùn títí oòrùn fi yọ, wọn á ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń sinmi. Èyí kì í bí mi nínú, àfi lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Iléeṣẹ́ kan tó ń sin adìyẹ lọ́nà ìlú Ara ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Nígbà tí oúnjẹ adìyẹ wá wọ́n ju adìyẹ fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀gá wa ta èyí tó kù, ó ní ká máa lọ sílé. Mo rò pé owó oṣù nìkan ló lọ, àṣé káàdì ìlera tí iléeṣẹ́ ń sanwó rẹ̀ ti bá a lọ. Káàdì yẹn ni Màámi fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ló là mí lóye pé ìjọba ní ètò adójútòfò ìlera fún àwọn àgbàlagbà tí ọmọ tó ń tọ́jú wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ máa wá sí àdúgbò wa láti forúkọ èèyàn sílẹ̀, àmọ́ níwájú gbogbo ará àdúgbò ni wọ́n á ti bi kálukú léèrè, kí ẹni tó ní má baà gba ti aláìní.

Ojúde baálé àdúgbò la jókòó sí. Aṣọ Iléyá ni Màámi wọ̀. Mo ní kí wọ́n wọ ti ilé, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ayé rí wọn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan tó gbé fóònù ńlá pẹlẹbẹ dání bi wọ́n léèrè: "Màmá, iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe?"

Màámi tún gèlè wọn ṣe. "Ọmọ mi? Akọ̀wé ni. Bó bá fọwọ́ síwèé, adìyẹ á jáde. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò jáde. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bẹ ní Àbíjàn, ó ń kọ́lé síbí. Ọlọ́run ò jẹ́ n ráre."

Òótọ́ ni ti ilé yẹn. Ó ti dé ojú fèrèsé láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ náà ló sì wà, àwọn ewúrẹ́ ló ń gbádùn rẹ̀. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Màámi ní kí ẹnìkan bá mi bu omi wá.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ kú oríire o. Àwọn tí ò ní la wá fún." Ó bá pe ẹlòmíràn.

Inú bí mi títí a fi délé. Níbẹ̀ ni mo ti ní kí n wo iye oògùn tó kù. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilá ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Màámi ti ń la hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la. Ẹ̀rù bà mí. Àìsàn yìí kan náà ló ti gbé wọn ṣubú nídìí kànga rí, tí ẹnu wọn yà sápá kan kí dókítà tó bá wa rí sí i.

"Màámi, ẹ̀ẹ́ ti ṣe tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò níṣẹ́."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ bú wọn. "Ẹnu tí mo fi ń ṣàdúrà fún ẹ láràárọ̀, ṣé òun náà ni kí n fi pè ẹ́ ní aláìní lójúde? Ẹyin lohùn. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí ìyá bá sọ ọ́, ó di èpè."

Mo ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ má sọ nǹkan kan lọ́la. Èmi ni n ó sọ ọ́."

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìkẹyìn òṣìṣẹ́ náà ládùúgbò wa, a bá tún padà sí ojúde baálé. Màámi tún wọ aṣọ Iléyá, wọ́n sì pa ẹnu dé bí ẹni fomi sẹ́nu. Nígbà tó kàn wá, mo dìde. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́, mi ò tíì sọ ọ́ síta. Ẹni tó bá béèrè iṣẹ́, "A dúpẹ́" ni mò ń wí fún un.

Mo ní, "Èmi lọmọ tó ń tọ́jú wọn. Àná, ìyá mi ń bo àṣírí mi ni. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ojú tì mí gan-an. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó ń pè é jáde bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: "Ọmọ... kò... níṣẹ́."

"Lónìí!" Màámi nìyẹn.

"Màmá?"

"Kò níṣẹ́ lónìí. Ọmọ mi, bá mi fi 'lónìí' sí i."

"Màmá, kò sáyè fún un níbí."

"Wá àyè fún un."

Ẹnìkan lẹ́yìn ní "Àmín," gbogbo ìjókòó sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní ó ku kí Màámi tẹ̀ka, káàdì á sì jáde. Màámi ká àtàǹpàkò sínú, wọ́n fi ìka mẹ́rin yòókù bò ó. Oògùn tó lè dá ẹ̀mí wọn sí ni wọ́n ń kọ̀ yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí èmi ọmọ wọn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè sọ pé eruku ni.

Ọmọbìnrin náà wò wọ́n, ó wò mí, ó wá tún tẹ nǹkan sí i. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ wọn. Màámi kò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á sókè kí gbogbo ojúde lè gbọ́: "Ọmọ kò níṣẹ́ lónìí."

Ìgbà náà ni wọ́n tó na àtàǹpàkò síta.