Èmi àti Èènì Aláta

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìyàwó mi ló máa ń tì mí síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó kú tán ni mo tó gbọ́ tirẹ̀.

Olùkọ́ wa ní ká yan ìwà kan tí èèyàn ń hù, ká lọ wò ó dáadáa, ká wá sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ọkàn, onímọ̀ àwùjọ àti onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa rí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ ṣàlàyé níwájú kíláàsì yóò tún kọ́ọ̀sì náà ṣe.

Èènì ni mo yàn. Kí ló dé tí ọlọ́jà á wọn ọjà tán, tí á tún bu díẹ̀ sí i? Ní àràárọ̀ Sátidé, mo ń lọ dúró ní ọjà Mile 12, níwájú obìnrin kan tó ń ta ata rodo. N kò rajà, n kò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

N kò mọ̀ pé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ń wo èmi náà. Alálùbọ́sà kan sọ pé káńsù ló rán mi, pé mo wá wo ìsọ̀ tí wọn yóò wó. Alábàárù kan sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní rárá, ilé ló sú mi. Onítòmátì kan sọ pé ìyàwó ni mo ń wá, ojú mi sì ti mú ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó rẹ ohùn sílẹ̀ nínú wọn.

Aláta wá gbójú sókè. "Daddy, ṣé ata lẹ fẹ́ ni, àbí èmi?"

Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Onítòmátì ní òun kò tíì gbọ́ irú irọ́ yẹn lẹ́nu ọkùnrin rí.

Ojú tì mí, mo ra ata. Ó wọ̀n ọ́n, ó bu èènì sí i, ó tún bu òmíràn. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ ti dúró pẹ́," ló wí.

Nígbà tó kàn mí ní kíláàsì, mo pa èènì tì. Ọkùnrin tó ń dúró lọ́jà láìrajà ni mo ṣàlàyé. Alálùbọ́sà tó ń bẹ̀rù fún ìsọ̀ rẹ̀ rí òṣìṣẹ́ káńsù, bí onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Alábàárù rí ohun tó wà lọ́kàn mi, bí onímọ̀ ọkàn. Onítòmátì rí ohun tí àwùjọ ń retí lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò ní aya, bí onímọ̀ àwùjọ. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí, ó sì fún mi ní máàkì tó dára. Ẹnì kan bi mí pé ta ló wá rí òótọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní mi ò tíì wádìí tán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ ra ata. Èyí tó wà nílé kò tíì tán.