Aránṣọ àti Iná Ẹnu Ọ̀nà Màmá Rẹ̀

Tí ẹ bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún redíò ṣe pé ẹ fẹ́ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe ẹ̀rọ kéékèèké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀. Inú máa ń bí mi. Ẹni tí kò tíì tan gílóòbù kan ṣoṣo rí, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fọ abọ́ ló ń lé kiri! Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni ẹ fẹ́ ṣe é fún. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi mọ ẹni tó fẹ́ ṣe tiẹ̀ fún.

Màmá rẹ̀ ni. Etí màmá ti di pátápátá, wọ́n sì ń dá gbé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n aránṣọ lọ kí wọn, ó kan ilẹ̀kùn títí, kò gbọ́ nǹkan kan, ló bá fi èjìká já a wọlé. Màmá jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n ń ká aṣọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn ẹ̀gbọ́n kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun máa wá kó wọn lọ sílé òun. Màmá sunkún títí ojú wọn fi wú.

Ọjọ́ Ajé ni aránṣọ wá bá mi.

"Bọ̀ọ̀dá Oníredíò, ṣé èèyàn lè ṣe iná tó máa ṣẹ́jú nínú yàrá tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì lẹ́nu ọ̀nà?"

"Èwo ló le níbẹ̀? Màá ṣe é fún ẹ lónìí."

"Rárá o. Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́. Tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ò sí nílé ńkọ́?"

Mo gbé pátákó kékeré kan lé e lọ́wọ́, kò ju àtàǹpàkò lọ. Kọ̀ǹpútà ni, àṣẹ tí a bá kọ sínú rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé. Mo tún fún un ní pátákó oníhò, èyí tí a máa ń ki ẹnu wáyà bọ̀ láti fi dán iṣẹ́ wò kí a tó fi òjé jó o pọ̀. Mo ti tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe láti ṣàlàyé, àfi bó ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Ó yé mi. Èmi náà máa ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so aṣọ pọ̀ kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò, kí n tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn kó yé èèyàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gílóòbù àkọ́kọ́ tàn, aránṣọ sì pariwo débi pé oníbàárà rẹ̀ sáré jáde wá wò ó. Lọ́jọ́rú, ó fi bọ́tìnì kún un. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni, á dán an wò, kó tó fi òmíràn sí i. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, a jọ kọ àṣẹ náà: bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, kí iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọjọ́ Ẹtì ló ní òun máa fi òjé jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú àpótí dúdú kan lọ́wọ́. Kò kí mi. Òórùn ìjóná ló kí mi. Mo ṣí àpótí, kò sí wáyà kan nínú rẹ̀ tí kò dúdú.

"Àwọn wáyà pupa tí mo fún ẹ dà?"

"Àpótí yẹn dúdú," ó ní. "Mo fẹ́ kí wọ́n bá a mu ni."

Ẹni tó ti ń wá òwú tó bá aṣọ mu láti ọgbọ̀n ọdún! Wáyà pupa ló yẹ kó mú iná jáde láti inú bátìrì, kí dúdú dá a padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan náà, kò mọ èyí tó ń lọ yàtọ̀ sí èyí tó ń bọ̀, ó gbé ọ̀kan sí àyè èkejì, pátákó sì jó. Mo ti la ẹnu láti bínú kí n tó rí ojú rẹ̀.

"Ọ̀la ni wọ́n máa kó màmá mi lọ," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Irú pátákó yẹn kò sí lórí àtẹ mi mọ́, àfi èyí tó wà nínú aago ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí mo fi máa ń yangàn sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Mo gun àga, mo sọ aago náà kalẹ̀, mo yọ pátákó inú rẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́.

"Nu ojú ẹ. Pupa ló ń lọ, dúdú ló ń bọ̀. Ó yá."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, a ti parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti aránṣọ jókòó sí yàrá màmá, a tẹjú mọ́ gílóòbù tí a so síbẹ̀. Iná ṣẹ́jú. Màmá gbójú sókè wò ó, wọn ò dìde. Iná dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ nawọ́ sí i kí wọ́n lè rí i, màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí wọ́n tó fa ìborùn sí èjìká, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n dúró síta, báàgì ńlá òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti rí iná ẹ láti ìgbà àkọ́kọ́," màmá ní. "Ilé mi nìyí. Ìgbà tó bá wù mí ni mo máa ṣílẹ̀kùn."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ká báàgì náà, ó fi há abíyá, ó wọlé.