Ọjọ́ Tí Mo Jókòó Sápá Òsì

Irọ́ ni mo fi rí iṣẹ́. Máníjà ilé-iṣẹ́ aṣọ kan n'Ísọlọ̀ bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe lójú ogun abẹ́lé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo ní kúùkù ni mí. Ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mi ò lè se ẹyin kó má fọ́! Owó epo ti ń wọlé nígbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ ń gba ènìyàn bí ẹni ń gbe omi òjò, wọn ò rójú wádìí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún mi láṣọ funfun, wọ́n ní kí n máa se ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kantíìnì.

Lọ́rì ni mo ń wà lójú ogun, mi ò dé ìdí ààrò. Ọ̀rẹ́ mi kan, sójà bíi tèmi, ló máa ń jókòó lápá òsì mi, torí apá ọ̀tún ni sítíárín wà láyé ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kan, à ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó wà níwájú, mò ń sọ ìtàn kan fún un, ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Ìbọn dún láti inú igbó lápá òsì. Mo tẹná mọ́ ọkọ̀, a já mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa dúró, ọ̀rẹ́ mi ti kú. Ohun tí mo gbé bọ̀ wálé nìyẹn: pé ká ní mo panu mọ́ tí mo wo ọ̀nà ni, kò ní kú.

Bí mo ṣe dé, mo búra pé ọwọ́ mi ò ní kan sítíárín mọ́. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lápá òsì mi, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọmọrí ìkòkò bá já bọ́ ní kantíìnì, abẹ́ tábìlì ni wọ́n á ti bá mi. Wọ́n á ní, "Sójà, ogun ti parí o!" Inú á bí mi, màá fi ọpọ́n ìrẹsì lé wọn jáde.

Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ìyàwó mi wà, níbi tí wọ́n ti ń ká òwú. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ pé awakọ̀ ni mí, torí ó ti rí láísẹ́ǹsì mi nísàlẹ̀ àpótí. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o, ó ń dúró de àkókò ni.

Àkókò sì dé! Ìjọba kéde pé gbogbo ọkọ̀ tó ń rin apá òsì ọ̀nà gbọ́dọ̀ bọ́ sápá ọ̀tún, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, jákèjádò Nàìjíríà. Háà! Kí ẹ wá wo Òṣòdì tí à ń gbé! Rédíò ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àgbàlagbà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. Àwọn méjì fẹ́ẹ̀ jà nílé wa lórí pé ṣé ọkọ̀ ojú irin náà máa yí padà. Inú mi ń dùn, ó sì yà mí lẹ́nu. Mo wá rò ó pé láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ọ̀gá awakọ̀ kankan mọ́, gbogbo wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ wa ra bọ́ọ̀sì tuntun tí sítíárín rẹ̀ wà lápá òsì, ìjókòó rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ òṣìṣẹ́ wò ó títí, ó mirí. "Ogún ọdún ni mo ti fi wakọ̀ lápá òsì," ó ní, "ẹ ò ní fi ọ̀tún pa mí." Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó gbalé lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, máníjà dúró láàárín kantíìnì, ó ní ta ló ní láísẹ́ǹsì. Mo tẹjú mọ́ ìkòkò mi. Ìyàwó mi dìde, ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ láísẹ́ǹsì mi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún máníjà.

"Sà, kúùkù yín rèé."

Máníjà wo ìwé náà, ó wo ìrẹsì tó wà nínú àwo rẹ̀, ó ní, "Abájọ!" Gbogbo kantíìnì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá fi bọ́ọ̀sì náà kó àwọn òṣìṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí wàhálà, mo ti di awakọ̀ nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ sílé, torí òun ò jẹ ìrẹsì yẹn mọ́.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" Mo jágbe mọ́ ìyàwó mi nígbà tí a délé.

"Ọmọ tó wà nínú mi ni," ó dáhùn, kò tiẹ̀ wo ojú mi. "Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń dẹ́rù bà yín. Ìgbà tó bá wù yín, ẹ sọ ọ́. Ní báyìí, ẹ wakọ̀. Èmi á jókòó tì yín."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jókòó lápá òsì mi. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé nínú bọ́ọ̀sì yẹn, èmi gan-an ni màá wà lápá òsì, níbi tí ọ̀rẹ́ mi wà lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyípadà náà, ìyàwó mi jókòó lápá ọ̀tún mi, ọkọ̀ sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà. A kúrò l'Óṣòdì, gbogbo bọ́ọ̀sì ń pariwo "Ọ̀tún o! Ọ̀tún!" ní gbogbo kọ́nà, bí ẹni ń ṣe ìsọjí. Ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. Mo ti gbàgbé bí iṣẹ́ yìí ṣe dùn mọ́ mi tó!

A ti fẹ́ẹ̀ dé Ìsọlọ̀ nígbà tí mọ́tò kan yọ, ó ń bọ̀ tààrà lápá òsì rẹ̀ àtijọ́, lójú ọ̀nà wa gan-an. Bàbá tó ń wà á ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Mo yà sínú koríko, mọ́tò náà sì kọjá fìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bọ́ọ̀sì dúró. Ẹnikẹ́ni ò farapa.

"Olórí burúkú!" làwọn tó wà lẹ́yìn ń ké. "O ò ní rédíò nílé ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn ni?" ìyàwó mi wí.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọwọ́ ọ̀tún mi. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ló wà, mo ti tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ọwọ́ náà ti lọ kí n tó ronú rárá.

Ìgbà náà ni mo rántí. Lọ́jọ́ yẹn nínú lọ́rì, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi títí imú mi fi kan sítíárín. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti gbà pé ìgbà tí ọta bà á ló wó lù mí. Irọ́ ni! Ọwọ́ yẹn ti wà lọ́rùn mi kí ìbọn tó dún.

"Ó rí wọn!" Mo ń lu sítíárín, ẹkún àtẹ̀rín ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ó rí wọn kí wọ́n tó yìnbọn! Ó fẹ́ kí n yè ni!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé orí sójà wọn ti dàrú. Ìyàwó mi dì mí lápá mú. "Ta ni, ọkọ mi? Ta ló rí wọn?"

Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi fún un. Láti ìgbà tí mo ti tojú ogun dé, mi ò pe orúkọ yẹn sókè rí.