Yàrá Tí Mi Ò Wọ̀ Nílé Bàbá Lámìdì

Yàrá márùn-ún ló wà nínú ilé Bàbá Lámìdì. Mẹ́rin ni mo wọ̀. Nínú ìwé tí mo kọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, mo kọ ọ́ pé mo yẹ yàrá márààrún wò, pé gbogbo wọn dára. Mo fọwọ́ sí i, mo tẹ òǹtẹ̀ mi mọ́ ọn. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Accra láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Kókò, ẹ̀kọ mímu wọn níbí, àti kóòsé, àkàrà wọn, wà níwájú mi, n kò sì fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, nítorí àwọn ẹbí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì rò pé ilé ni mò ń tà. N kì í ta ilé. Èmi ni wọ́n ń pè kí ẹni tó fẹ́ ra ilé tó sanwó, kí n wá wò ó bóyá ilé náà á gbé e tàbí á wó lé e. Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra, ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́ ọkùnrin ẹ̀yà Gá kan tí à ń pè ní Màsítà Kwei, kí n tó lọ kàwé nípa ilé kíkọ́. Màsítà máa ń pè mí ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ní kí n máa di ojú mi, kí n máa fi ìka kan ògiri, kí n sì máa sọ èyí tó dára. Ògiri tó dára á dún kó-kó. Èyí tí sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù á dún pò-pò. Oríkèé ìka mi wú débi pé ìyá mi rò pé ìjà ni mò ń jà níbi iṣẹ́, ó sì múra láti wá bá Màsítà fa wàhálà.

Oríṣi àyẹ̀wò mẹ́ta ni mo máa ń gbé síwájú ẹni tó bá pè mí. Mo sọ wọ́n lórúkọ tó máa tètè yé ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́ ni ti ojú: mo máa rìn yí ilé ká, n óò wo òrùlé, n óò wo ògiri, n óò sọ ohun tí mo rí. Èkejì ni ti ọwọ́: n óò kan ògiri, n óò ṣí fèrèsé, n óò gun àkàbà wọ inú àjà, n óò wọ gbogbo yàrá. Ẹ̀kẹta ni ti ìpìlẹ̀: a ó gbé gbogbo ẹrù kúrò, a ó gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé wò, a ó sì mú ìwé ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti mọ ẹni tó ni ín. Ti ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yàn, torí pé ó yá, kò sì ní í bí onílé nínú.

Ìyá Rídí náà, ti ojú ló kọ́kọ́ yàn. Ọ̀rẹ́ mi ni, ilé kéwú kan náà la jọ lọ, aṣọ ló ń tà ní ọjà Makola. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà, àwọn ẹbí onílé sì ti ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù tó parí. Ilé tó fẹ́ rà yìí, Bàbá Lámìdì ló ni ín, àgbà àwọn ará ìlú wa ní Accra. Ara wọn ò yá mọ́, wọ́n fẹ́ ta ilé náà kí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Rídí sọ fún mi pé, "Ilé Bàbá náà ni wàá máa gbẹ́ ìdí ẹ̀? Kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn wa? Pé mo fura sí Bàbá?"

Mo ní, "Jẹ́ kí n ṣe ti ọwọ́, ó kéré tán."

"Ó dáa, kàn án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá gbọ́ ariwo."

Ohun tó yẹ kí n sọ pé rárá sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ gbèsè oore lọ́dọ̀ Bàbá Lámìdì. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ dé Accra, tòun ti àpò kan ṣoṣo lọ́wọ́, yàrá iwájú nínú ilé yẹn ló sùn sí fún odidi ọdún kan, wọn ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń rán mi létí rẹ̀ nílé wa.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé ilé náà. Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá kì mí, wọ́n ní kí wọ́n gbé wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, wá fún mi, mo sì jẹ ẹ́ nítorí a kì í kọ oúnjẹ irú wọn. Síkírátù ọmọ wọn obìnrin mú mi yíká. Mo wọ inú àjà, ó dára. Mo kan ògiri yàrá mẹ́rin ní jẹ́jẹ́ bí olè, kó-kó ni gbogbo wọn ń dún. Nígbà tí mo dé yàrá ẹ̀yìn, Bàbá ti padà síbẹ̀, wọ́n ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, bẹ́ẹ̀dì náà sì fara ti ògiri tó kọjú sí gọ́tà ńlá ẹ̀yìn ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ọ̀dà tuntun ń ta sí mi nímú, ọ̀dà tí kò sí ní yàrá mìíràn. Fèrèsé tó wà nítòsí ibẹ̀ kò sì ṣeé pa dé, ó ti wọ́, bí fèrèsé ṣe máa ń ṣe tí ògiri bá ń tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí.

Bàbá ní, "Sàlíù, ṣé o ti parí?"

Ta ni mo jẹ́ tí n óò ní kí irú wọn dìde kí n lè yẹ ẹ̀yìn wọn wò? Mo ní, "Mo ti parí, Bàbá." Mo lọ sílé, mo kọ ìwé mi, mo sì gbé e fún Ìyá Rídí ní ọjọ́ kejì.

Òjò Ọjọ́bọ̀ yẹn ló fọ́ mi lórí. Bó ṣe ń rọ̀ ni mò ń rí gọ́tà ẹ̀yìn ilé yẹn lójú mi, tí omi ń kún un. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Rídí máa sanwó lójú àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí. Tí ó bá ti san án, kò sí bó ṣe fẹ́ gbà á padà. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá kò sí nǹkan kan, bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí yàrá bàbá àgbàlagbà mọ́ ni wọ́n ṣe kùn ún. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Nígbà tó yá, mo mú agbòòrùn, mo wọ tòròtòrò, bọ́ọ̀sì akérò, lọ sí Makola.

Mo bá Ìyá Rídí níbi tó ti ń fi ọ̀rá bo aṣọ. Òjò ti dín kù díẹ̀, àwọn kayayó, àwọn obìnrin alábàárù, sì ń pariwo kí n kúrò lọ́nà fún ẹrù orí wọn.

Mo ní, "Ìyá Rídí, má sanwó lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Mi ò wọ yàrá ẹ̀yìn. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ síbẹ̀ pé o wọ̀ ọ́."

"Mo purọ́."

Ó jókòó lórí aṣọ tó ń bò. Twi, èdè ìlú níbẹ̀, ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, bó ṣe máa ń rí tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. "Adɛn, Sàlíù? Adɛn?" Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá ọkọ mi ò lè rìn. Yàrá yẹn ni mo ti ṣèlérí fún wọn, torí pé ó sún mọ́ ilé ìwẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo la ń lọ."

Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó. Mo ní, "Èwo ni kí n ṣe báyìí?"

"Ti ìpìlẹ̀. Kí o gbẹ́ gbogbo ẹ̀. Lónìí."

"Ta ló máa sọ fún Bàbá?"

"Ta ló purọ́?"

Mo mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń mọ ògiri tó bá tẹ̀, mo bẹ òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n ní ṣọ́bìrì, a jọ lọ. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ, gbogbo èyí tí mo rí ló burú. Nígbà tí mo dé yàrá Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò sì tètè dìde.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, mo fẹ́ kí ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Mo fẹ́ yẹ ògiri yín wò."

Síkírátù pariwo lẹ́yìn mi. "Bùrọ̀dá Sàlíù! Ṣé Bàbá lẹ̀ ń lé dìde?"

Bàbá ò pariwo. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn lọ, wọ́n wò mí títí. "Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kọ ohun tí mi ò rí sínú ìwé."

Wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. Síkírátù ni wọ́n yíjú sí: "Mú ọ̀pá mi wá."

A gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò. Mo fi ìka kan ògiri: pò-pò. Mo kan òkè díẹ̀, pò-pò. Ìgbà tí mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ oúnjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ti là láti ilẹ̀ dé ìbàdí mi, ìka mi mẹ́rin wọ inú rẹ̀, atẹ́gùn òjò sì ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́. A ń gbọ́ omi gọ́tà nínú yàrá. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì fi hàn pé ògiri náà ti ń tẹ̀ sóde. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ẹ̀yìn ilé, a rí i pé omi ti kó iyẹ̀pẹ̀ lọ lábẹ́ ìpìlẹ̀, apá kan rẹ̀ kàn so sínú afẹ́fẹ́ ni.

Síkírátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní bíríkìlà kan ló sọ fún òun pé kò sí nǹkan kan, pé kí àwọn rẹ́ ẹ, kí àwọn kùn ún. Mo gbà á gbọ́. Bó bá mọ̀, kò ní jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa sùn síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà jókòó láti ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Lámìdì ló fi ọ̀pá wọn dìde. Wọ́n ní, "Ilé mi ò ṣeé tà lónìí. Ògiri ẹ̀yìn ti là, Sàlíù ló rí i. Ìyá Rídí, kó àwọn ọmọ ẹ àti ìyá ọkọ ẹ wá sí yàrá iwájú lọ́la, kí ẹ máa gbé ibẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe." Ìyá Rídí fi ìborùn bo ojú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Wọ́n kó wọlé lọ́jọ́ kejì, kí oṣù tó parí. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa wó ògiri yẹn, òòlù ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbà. Wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ tuntun, wọ́n gbé gọ́tà jìnnà, mo tún ṣe àyẹ̀wò ti ìpìlẹ̀ láti òkè délẹ̀, lẹ́yìn èyí ni Ìyá Rídí tó ra ilé náà. Ó pẹ́ kó tó dá mi lóhùn dáadáa, n kò sì dá a lẹ́bi. Ní báyìí, tí mo bá dé ilé àgbàlagbà èyíkéyìí, yàrá tiwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀, bó ti wù kí ẹ̀rù ba mí tó.

Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá bá mi sọ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí mo ń mú wọn lọ sílé láti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n di apá mi mú, a ń gbẹ́sẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Ní ọjọ́ Ajé tí o wá, ṣé o rí nǹkan tó bà ọ́ lẹ́rù?"

Mo ní, "Mo rí i, Bàbá."

"O sì dọ̀bálẹ̀ fún mi, o lọ sílé, o fi mí sílẹ̀ lábẹ́ ògiri. Òru mẹ́ta."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo ní, "Ẹ forí jì mí."

Wọ́n fa apá mi pé kí a máa lọ. "Mo ti forí jì ọ́. Nígbà mìíràn, lé mi dìde."