Òrùlé Tó Dúró De Ètò Ìṣúná

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé Pápá Àjàó nígbà náà. Ọyẹ́ a máa gbé e wá pàdé mi lójú ọ̀nà, òun àti eruku sìmẹ́ńtì àti èéfín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ilé bàbá mi wà: yàrá mẹ́rin, ògiri ti dúró, igi òrùlé ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí páànù kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Bí o bá dúró nínú pálọ̀, ojú ọ̀run ni wàá máa wò. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kan igi náà. Káfíńtà ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ Sátidé tí kì í lọ fọwọ́ pa ògiri ilé náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Owó páànù wà. Owó tí ìjọba kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó fẹ̀yìn tì ló fi mọlé dé ibẹ̀. Ìyókù wà ní báǹkì, ó sì tó páànù yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin géérégé. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi, tó ń ta abọ́ tánńganran ní ọjà Mùṣín, ní kó lọ gbé owó náà jáde, kó fi ra páànù kí ọdún tó yí. Èmi ni mo ní rárá.

Kí n má parọ́ fún ọ, mo gbọ́n lójú ara mi nígbà yẹn. Ọ́fíìsì kan ní Yaba ni mo ti ń tẹ taípù, bí ọ̀gá wa bá sì ti lọ jẹun, ìwé ìròyìn rẹ̀ di tèmi. Inú rẹ̀ ni mo ti kà á pé ìjọba fẹ́ fi owó kún owó ìfẹ̀yìntì, pé wọ́n sì lè dín owó orí ohun ìkọ́lé tó ń wọ̀lú kù, nínú ètò ìṣúná tí olórí ìjọba máa kà lọ́jọ́ ọdún tuntun.

"Bàbá, ẹ dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì," ni mo wí. "Páànù máa wálẹ̀."

Ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀. "Kí lo ti rí tó wálẹ̀ rí ní Èkó yìí, yàtọ̀ sí òjò?"

Ṣùgbọ́n bàbá mi, tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. "Ọmọ tó kàwé ló sọ̀rọ̀," ló wí, ọ̀rọ̀ sì parí.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì wá sí ilé tí a háyà ní Yaba. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á wọ aṣọ tó gba sítáàṣì dáadáa, wọ́n á jókòó ti rédíò bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú wọn tó ti ṣe akọ̀wé àgbà rí á mú bírò àti ìwé dání. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́. Bí olórí ìjọba ṣe sọ pé àfikún ń bọ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì, pé àwọn sì ti dín owó orí ohun ìkọ́lé kù, ilé mì tìtì. Wọ́n dìde, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, bàbá mi sì bọ èmi náà lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà. Inú mi dùn, mi ò lè pa á mọ́ra.

Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ rọra pariwo o," ló wí, "kí ẹni tó ń ta páànù má baà gbọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta páànù ti gbọ́ ní tiẹ̀; òun náà ní rédíò.

Nígbà tí èmi àti bàbá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tapólì ló fi bo gbogbo ọjà rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò tíì mọ iye tí mo máa tà á. Dọ́là ti gbówó lérí." Mo sọ fún un pé ìjọba ti dín owó orí páànù kù. Ó fi àánú wò mí. "Àǹtí, rédíò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó o wá fún mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀." Nígbà tó fi ṣí tapólì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó bàbá mi ní báǹkì, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ti di owó páànù yàrá méjì.

Mo sunkún. Bàbá mi kò bá mi wí, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ kàn án láàbọ̀."

"Èmi? Kí n kan ààbọ̀ òrùlé? Kí làwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi máa sọ?"

"Wọ́n máa sọ pé ẹ ní yàrá méjì tí òjò kì í wọ̀."

Bàbá mi gun òkè lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo ń na ìṣó sí i. Kí oṣù náà tó parí, aránṣọ kan ti háyà yàrá kan, ẹni tó ń lẹ táyà sì gba ìkejì. Àfikún owó ìfẹ̀yìntì náà dé lóòótọ́, lẹ́yìn tí bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tò sórí ìlà lọ́pọ̀ ìgbà kí ìjọba lè rí i pé wọ́n ṣì wà láàyè. Nígbà tó dé, kò ra àpò sìmẹ́ńtì kan. Owó tí àwọn tó háyà yàrá méjì yẹn ń san ló ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi títí ó fi lọ sinmi. Òun náà la fi ń ra páànù méjì, páànù mẹ́ta, títí apá kejì fi bò. Ṣùgbọ́n bí páànù ṣe ń wọ́n sí i ló ń fẹ́lẹ́ sí i.

Kó tó kú, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé èmi ni mo sọ ilé rẹ̀ di ààbọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́. Èmi ni káfíńtà. Láti ìgbà wo ni mo ti ń dúró de rédíò kí n tó kan ìṣó?"

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ètò ìṣúná bí wọ́n bá ń kà á, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fẹ́ rà, mo ti máa ń rà á kí wọ́n tó kà á. Ilé Pápá Àjàó ló kọ́ mi. Bí òjò bá ń rọ̀, apá tí ìyá mi ní ká kàn lójú ẹsẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kì í jò. Apá tí èmi ní ká dúró dè, ibẹ̀ la máa ń gbé abọ́ tánńganran ìyá mi sí.