Oníkọ́kọ́rọ́ àti Fódà Tí Kò Ṣí

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe sítọ́kípà nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Iṣẹ́ náà kò le. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ní ìwé, ó ní àga. Ẹni tó bá fẹ́ gba agolo ọ̀dà kan á kọ orúkọ, á buwọ́ lùwé, á dúró. Dídúró yẹn gan-an ló fẹ́ràn jù. Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Èébú ni wọ́n fi ṣe, òun gbà á bí oyè. Máníjà pàápàá dúró níwájú fèrèsé rẹ̀ rí, odidi ogún ìṣẹ́jú, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kan. Ó ń sọ ìtàn yẹn títí dòní. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á rántí pé àwọn níṣẹ́ láti ṣe.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní aago ara ògiri. Oṣù mẹ́ta ló fi ń rìn káàkiri ilé bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún un ṣí. Ó to agolo mílíìkì, ó tú u, ó tún un tò. Ìyàwó rẹ̀ wá ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan fún un, èyí tí ọmọ wọn obìnrin fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ ilé ọkọ.

"Bàbá wọn, ẹ máa fi èyí ṣeré."

Ẹ̀rín ni obìnrin náà fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé epo lòun ń dà síná.

Oníkọ́kọ́rọ́ kò fi ṣeré. Ó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà tó ń lo Wíńdòòsì a máa kó àrùn, pé ti Líńọ́ọ̀sì, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, kì í tètè kó o. Ó yọ Wíńdòòsì kúrò nínú tirẹ̀, ó fi Líńọ́ọ̀sì sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló bà á jẹ́. Ó tẹ ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìńkì ìyàwó rẹ̀ ló lò, ó dì wọ́n pọ̀ sínú fáìlì aláwọ̀ ewé. Ó kà á tán. Ohun tó yé e níbẹ̀ kò kún ife. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ kún ilé.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni ọ́fíìsì rẹ̀: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà Wíńdòòsì kan, pírìńtà ńlá kan tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún ilé-ìwé tó wà ní òpópónà kejì. Iṣẹ́ yẹn ni òpó tó gbé ọ́fíìsì náà ró. Àwọn yòókù, ẹ̀kúnwọ́ ni.

Oníkọ́kọ́rọ́ wò ó, ó ní kò dáa. Fáìlì wà níbí, fáìlì wà lọ́hùn-ún. Lójú sítọ́kípà, ọjà tó bá ti wà níbi méjì, olè ti fojú sí i lára. Ó kó gbogbo fáìlì ìyàwó rẹ̀ lọ sínú Líńọ́ọ̀sì tirẹ̀, sínú fódà kan tó pè ní SÍTỌ̀. Ó pa wọ́n rẹ́ kúrò lórí ti ìyàwó. Ó wá fi Sámbà sí i. Sámbà yìí ni ètò tó ń jẹ́ kí Líńọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn fún Wíńdòòsì, kí kọ̀ǹpútà méjèèjì lè jọ lo fódà kan láti yàrá sí yàrá. Nítorí àrùn, ó gbẹ́sẹ̀ lé fíláàṣì nínú ilé. Ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò tí ènìyàn lè kì í bọ̀ lára kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ihò tí máòsì àti pírìńtà wà nìkan ló yọ sílẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Fódà náà yọ lórí kọ̀ǹpútà ìyàwó, lẹ́tà Z wà níwájú rẹ̀. Obìnrin náà á ṣí Z, á ṣe iṣẹ́, á ti Z. Oṣù méje, kò sí wàhálà. Èyí ló wá ń dun ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó ń dúró níwájú fèrèsé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ìpolówó bàtà yọ fìrì lójú kọ̀ǹpútà ìyàwó. Bàtà lásán. Oníkọ́kọ́rọ́ rí i, ó ní àrùn ti dé. Rọ́tà ilé wọn, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ọ̀nà Wáìfáì méjì ló ń gbé jáde. Ọ̀kan ń jẹ́ ILÉ. Ìkejì ń jẹ́ ÀLEJÒ. Nígbà tí ìyàwó wọ ilé ìwẹ̀, ọkọ yọ kọ̀ǹpútà obìnrin náà kúrò lórí ILÉ, ó gbé e sórí ÀLEJÒ kí àrùn rẹ̀ má bàa ràn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, àpótí kan náà ni, omi kan náà ló ń ti ẹnu ẹ̀rọ méjì jáde. Wọ́n ṣe àpótí náà kí ẹni tó bá wà lórí ÀLEJÒ rí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó má sì rí kọ̀ǹpútà onílé kankan. Ó wà ní ojú ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́jọ nínú fáìlì aláwọ̀ ewé. Ó ti kà á. Ó tiẹ̀ fàlà sí i nídìí.

Ọjọ́ kejì, ní aago méjìlá ọ̀sán, obìnrin náà jókòó sídìí iṣẹ́.

"Bàbá wọn, Z ò ṣí o."

"O ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni."

"Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ní sùúrù."

"Aago mẹ́rin ni ọ̀gá ilé-ìwé ń bọ̀. Àárọ̀ ọ̀la làwọn ọmọ máa kọ ìdánwò. Òjìlérúgba ẹ̀dà ni mo fẹ́ tẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ìkóríta yẹn ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì pé kó gbé iṣẹ́ náà fóun. Tí n ò bá rí i tẹ̀ fún un lónìí, ó parí nìyẹn."

"Fọkàn balẹ̀. Ta ló wà níbí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ohun tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ nìyẹn."

Oníkọ́kọ́rọ́ fa ṣòkòtò sókè, ó jókòó sídìí Líńọ́ọ̀sì rẹ̀ ní pálọ̀, ó gbé fáìlì aláwọ̀ ewé sórí itan. Ó fi Líńọ́ọ̀sì ké sí kọ̀ǹpútà ìyàwó. Kò dáhùn. Ó tún ké sí i. Ó dákẹ́ bí òkúta. Ó wo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí Wáìfáì. Ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ti ìyàwó, èyí tó fi hàn pé wọn kò sí lórí ọ̀nà kan náà. Ó rí i. Ó ní bí Wíńdòòsì ṣe ń ka nọ́ńbà tiẹ̀ nìyẹn, ó kọjá.

Ó yí páásíwọọ̀dù Sámbà padà. Z kò ṣí. Ó pa ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ́ ẹnu ọ̀nà Wíńdòòsì. Kò ṣí. Ó pa kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó tàn wọ́n. Ó pa rọ́tà, ó ka ọgọ́ta, ó tàn án. Ó bú Wíńdòòsì. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i: ó yọ gbogbo páásíwọọ̀dù kúrò lára SÍTỌ̀, ó ṣí i gbayawu fún ẹni gbogbo. Síbẹ̀, Z kò ṣí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹ̀fọ́?

"Ẹ jẹ́ kí n yọ máòsì yẹn, kí n fi fíláàṣì gbé e," ni ìyàwó wí.

"Fíláàṣì? Nínú ilé yìí? Tó o bá kó àrùn bá mi ńkọ́?"

"Iṣẹ́ mi ló ń kú lọ, Bàbá wọn. Àrùn wo ló tún kù?"

Ọkọ gbá máòsì mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já lápò gbà.

Aago mẹ́rin kò tíì lù tán tí ọ̀gá ilé-ìwé fi kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó dàgbà ju ìyàwó lọ díẹ̀. Ó máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó mú bírò pupa lọ́wọ́. Ó jókòó ní pálọ̀. Wọ́n ní kó ní sùúrù díẹ̀. Inú Oníkọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ dùn lábẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ń dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè rí Wáìfáì lò? Mo fẹ́ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé-ìwé pé mo máa pẹ́."

"Ẹ yan ÀLEJÒ, mà. Káàbọ̀ ni páásíwọọ̀dù rẹ̀."

Ó yàn án. Ó ránṣẹ́. Ó dìde lọ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ojú rẹ̀ tó mọ àṣìṣe í wá bọ́ sí igun kọ̀ǹpútà, níbi tí orúkọ Wáìfáì wà.

"Àbúrò mi, èmi àti ìwọ la jọ wà lójú kan náà. ÀLEJÒ."

Ìyàwó wò ó. Ó tún un wò.

"Bàbá wọn."

"Hẹ̀n?"

"Ta ló sọ mí di àlejò?"

Oníkọ́kọ́rọ́ wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ ààbò ni. Bàtà yẹn..."

"Ọdún méjìdínlógójì. Ọmọ mẹ́ta. Àlejò."

"Kò sóhun tó kan Z níbẹ̀! Àpótí kan náà ni."

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé dígí ojú rẹ̀ sókè. "Sà, nílé-ìwé tèmi, a kì í jẹ́ kí àlejò wọ sítọ̀. Ṣé ẹ̀yin ń jẹ́ kó wọ tiyín?"

Ojú ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́jọ dìde dúró níwájú Oníkọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú ìlà tó fà sí i.

Ìyàwó ti tẹ ILÉ. Kọ̀ǹpútà ń béèrè páásíwọọ̀dù.

"Ẹ sọ ọ́."

"Jẹ́ kí n bá ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá wọn. Aago ń lọ."

Ó wo àlejò. Ó wo ilẹ̀. "Èmi-nìkan-ni-ọ̀gá. Má fi àyè sáàárín wọn."

Ọ̀gá ilé-ìwé fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. "Ṣé lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, sà?"

"Ọ̀gá nìkan ló fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀."

Z ṣí. Kò béèrè ohunkóhun. Pírìńtà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó mí kanlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kò tíì mí.

"Kò mà béèrè páásíwọọ̀dù kankan. Ibo gan-an ni ìbéèrè ìdánwò mi wà?"

"Inú ẹ̀rọ wọn ni, ẹ̀gbọ́n. Ní pálọ̀."

"Ó sì wà ní ṣíṣí?"

Oníkọ́kọ́rọ́ ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni, pé òun fẹ́ fi wádìí nǹkan ni.

"Àbúrò mi, ìwọ ni mo gbéṣẹ́ fún. N ò gbé e fún ọkọ rẹ. Tí ìbéèrè mi bá sun inú ẹ̀rọ yẹn mọ́jú, ìkóríta ni mò ń lọ."

"Kò ní sùn níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Bí pírìńtà ti ń tẹ̀wé jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń kó fáìlì rẹ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kì í ṣe ti ilé-ìwé nìkan. Gbogbo rẹ̀ ni. Bó ti ń gbé wọn ni ó ń pa ti ọ̀hún rẹ́. Ní pálọ̀, Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó ti Líńọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń wo pẹpẹ rẹ̀ bó ti ń ṣófo lójú rẹ̀ kòrókòró. Ó mú ìwé kan, ó fi rúlà fàlà sí i, ó gbé e lọ bá ìyàwó.

"Ohun tó bá jáde, a gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú."

Ìyàwó wo ìwé. Ó wo ojú ẹni tó mú un wá. "Ẹ lọ jókòó, Bàbá wọn."

Ó lọ jókòó. Ohun tó kù nínú SÍTỌ̀ kò ju àwòrán ológbò aládùúgbò kan lọ. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀.

Aago márùn-ún àbọ̀ ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn jáde. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé páálí méjì, wọ́n kọrí sílé-ìwé láti kó ìwé náà sínú àpòòwé, wọ́n sì jẹun níbẹ̀. Kí ìyàwó tó jáde, ó ti yí páásíwọọ̀dù ILÉ padà. Oníkọ́kọ́rọ́ béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ní kó yan ÀLEJÒ ná.

Búrẹ́dì àná ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹyin sísè méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló sè é. Ọ̀kan bẹ́ nínú omi.